Kì í Ṣe Dan-u Ló Kọrin Lálẹ́ Ọjọ́ Náà

Ìyá Jae-hyeok nìkan ló wọ aṣọ aláwọ̀ ọsàn nínú gbogbo èrò tó dúró sẹ́nu ọ̀nà tíátà lálẹ́ ọjọ́ náà. Ó yẹ kí n ti fura.

Ta ni ò mọ̀ ní Seoul pé ibi tí Ryu Dan-u bá ti fẹ́ kọrin, àwọn ìyá tó fẹ́ràn ẹ̀ á ti gba ibẹ̀ kan? Jákẹ́ẹ̀tì ọsàn, fìlà ọsàn, ríbọ́ǹ ọsàn lára báàgì, ẹ̀rín lọ́tùn-ún lósì. Àmọ́ ní ọjọ́ Jímọ̀ yẹn, aṣọ dúdú làwọn èèyàn wọ̀, ọ̀dọ́ sì ló pọ̀ nínú wọn, tí ojú wọn le bí ojú ẹni tó fẹ́ ṣèdánwò. Mo sọ fún ara mi pé àwọn ìyá ò tíì dé ni. Ìyá Jae-hyeok ò tiẹ̀ wo ẹnikẹ́ni. Iwájú àwọn àpò ìrẹsì ni wọ́n wà, wọ́n ń ya fọ́tò. Àwọn ẹgbẹ́ olólùfẹ́ Dan-u ló to ìrẹsì náà jọ síbẹ̀ dípò òdòdó, orúkọ ẹ̀ gàdàgbà lára gbogbo àpò, tí eré bá sì kásẹ̀ nílẹ̀, wọ́n á kó o fáwọn tí ò rí jẹ. Ìyá Jae-hyeok wà nínú ẹgbẹ́ náà ní Cheongju, ìlú wọn. Wọ́n gbọ́wọ́ lé àpò kan, wọ́n ní ara àwọn sọ fún àwọn pé inú èyí ni ìrẹsì tàwọn wà. Ẹ̀rín wọn máa ń dún ju bí wọ́n ṣe tóbi lọ.

Ọmọ wọn, Jae-hyeok, ni gbogbo ayé mọ̀ pé mo fẹ́ fẹ́. Àwọn òbí wa ti pàdé, wọ́n ti jọ jẹun, bàbá mi ti rẹ́rìn-ín sí àwàdà tí ò pa á lẹ́rìn-ín. A ti gba gbọ̀ngàn ìgbéyàwó. Ọjọ́ Ajé tó ń bọ̀ ni ìwé ìpè máa jáde, lọ́dọ̀ wa sì rèé, ìwé ìpè tó bá ti jáde dà bí ẹyin tó ti já bọ́, kò sẹ́ni tó lè kó o. Wàhálà tó wà níbẹ̀ ni pé mi ò fẹ́ ọkùnrin náà mọ́. Mi ò tíì sọ fún ẹnì kankan. Ìyá ẹ̀ ni mo fẹ́ kọ́kọ́ sọ fún, torí mo fẹ́ràn wọn, mi ò sì fẹ́ kó jẹ́ ẹnu ẹlòmíì ni wọ́n á ti gbọ́. Mo ti pinnu rẹ̀: tí Dan-u bá ti kọrin tẹ́ wọn lọ́rùn, tínú wọn ń dùn, màá mú wọn lọ jẹ ọbẹ̀ gbígbóná kí wọ́n tó lọ sùn lọ́dọ̀ àbúrò wọn, ibẹ̀ ni màá ti là á mọ́lẹ̀. Ìrètí mi ni pé inú dídùn á bá mi gbé ọ̀rọ̀ náà.

Ọjọ́ ti pẹ́ tí mo ti ra tíkẹ́ẹ̀tì, nígbà tí mo ṣì fẹ́ràn ọmọ wọn. Ẹ mọ bó ṣe ń rí. Àwọn ìyá ò lè bá kọ̀ǹpútà jà, àwọn ọmọ ló ń bá wọn jà á. Nígbà tí wọ́n bá ṣí títà, àga tó dáa ti tán kéèyàn tó ṣẹ́jú, ọmọ tí kò bá sì rí ra fún ìyá ẹ̀, ojú burúkú ni wọ́n á fi máa wò ó títí ọdún á fi yí po. Èmi rí àga méjì láàrin gbùngbùn, nítòsí iwájú. Mo pariwo nínú ṣọ́ọ̀bù débi pé ọ̀gá mi rò pé mo fọ́ dígí. Awò ojú là ń ṣe níbẹ̀. Mo máa ń rí abàwọ́n tó kéré ju ẹyin iná orí lọ lára awò, gbogbo ènìyàn ló ń yìn mí fún ìyẹn.

Mo fi ìyá Jae-hyeok sílẹ̀ nídìí ìrẹsì, mo lọ tò síbi tí wọ́n ti ń ya fọ́tò pátákó àwọn eléré. Ẹni méjì tàbí mẹ́ta ló máa ń pín ipò ńlá mọ́wọ́ nínú eré ìtàgé olórin báyìí, lónìí tèmi, lọ́la tìẹ, ara pátákó yẹn lẹ ó sì ti rí ẹni tó kàn. Ọmọ kékeré mọ èyí. Mo dé iwájú pátákó, mo gbé fóònù sókè, àyà mi já. Bok Tae-rim, ẹni tó ń bá Dan-u pín ipò náà, ni mo rí. Ojú ẹ̀ rogodo, ó ń rẹ́rìn-ín sí mi. Ọjọ́ Àbámẹ́ta ni ti Dan-u. Lọ́jọ́ tí mo ń ra tíkẹ́ẹ̀tì, àga ni mo tẹjú mọ́ kí wọ́n má bàa gbà á, mi ò wo orúkọ ẹni tó fẹ́ ṣeré. Èmi tí mò ń rí ẹyin iná orí.

Kí n tó yíjú padà, ìyá Jae-hyeok ti dé ẹ̀yìn mi.

"Yẹ̀ kúrò níbẹ̀ kí n rí Dan-u mi," ni wọ́n wí. "Àwọn ẹgbẹ́ mi ní tí mi ò bá ya pátákó yẹn, mi ò dé Seoul."

"Mo ti bá yín yà á, Màmá. Èrò pọ̀."

"Wàá fi ránṣẹ́ sí mi?"

"Tá a bá ti jáde."

Mo fara dí pátákó náà mọ́ wọn lójú, mo di apá wọn mú, mo sì ń fà wọ́n lọ bí ẹni tó ń sá fún gbèsè. Ìgbà yẹn ló yẹ kí n sọ ọ́. Ṣùgbọ́n wọ́n ń fi ohùn ránṣẹ́ sáwọn ọ̀rẹ́ wọn bá a ṣe ń lọ, wọ́n ń sọ pé ìyàwó ọmọ àwọn, kì í tiẹ̀ ṣe ọmọ àwọn gan-an o, ló gbé àwọn wá, pé kí ẹlẹ́nu pa ẹnu mọ́. 

A jókòó. Orúnkún èèyàn dí ọ̀nà lọ́tùn-ún, orúnkún dí i lósì. Ọmọbìnrin tó ń júwe àga ń rìn kiri, ó ń kìlọ̀ pé ká pa fóònù, ká má ya fọ́tò, ká má tẹ̀ síwájú, ká fẹ̀yìn ti àga. Jae-hyeok ti kọ̀wé sí mi pé kí n ya ibi tá a jókòó ránṣẹ́, kí n má sì pa fóònù. Mo dá a lóhùn pé wọn ò gbà wá láyè, pé mo fẹ́ pa fóònù. Mo mọ ohun tó máa ná mi. Jae-hyeok kì í lu èèyàn, kì í bú èèyàn. Dídákẹ́ ni tiẹ̀. A lọ wo bẹ́ẹ̀dì nígbà kan, láàrin ẹnu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù síbi tá a gbé mọ́tò sí, ó ti dákẹ́. Mo bẹ̀ ẹ́ títí, mo bẹ̀ ẹ́ fún ẹ̀ṣẹ̀ tí mi ò mọ̀. Ọjọ́ tó wù ú ló lanu, ó ní kí ni mo fẹ́ jẹ.

Ìyá ẹ̀ ní tiwọn ti múra sílẹ̀. Wọ́n ti ní ká fi kóòtù wa sílẹ̀ fáwọn tó ń tọ́jú aṣọ lẹ́nu ọ̀nà torí pé kóòtù máa ń dún, wọ́n ti tú súìtì ọ̀fun kúrò nínú ọ̀rá láti ilé, wọ́n dì í sínú áńkáṣífù. Àwọn ẹgbẹ́ wọn ló kọ́ wọn. Àwọn tó máa ń wo eré kan náà ní àwòtúnwò ní òfin tiwọn: bí òkú ni kó o jókòó. O ò gbọ́dọ̀ yí ọrùn, o ò gbọ́dọ̀ wúkọ́, tóo bá sì mí, má ṣe jẹ́ kí aládùúgbò gbọ́. Ọmọbìnrin kan tó fi aṣọ bo imú wà lápá ọ̀tún mi, ó ti tẹjú mọ́ aṣọ ìtàgé nígbà tí iná ò tíì kú rárá.

Iná kú. Ìtàn ọkùnrin kan ni, tó ń ṣọ́ iná ní erékùṣù kan kí ọkọ̀ òkun má bàa kọlu àpáta. Ọkọ̀ tó yẹ kó gbé arọ́pò ẹ̀ wá ò dé, òun náà ò sì lè kúrò. Ó kẹ́yìn sí wa nígbà tí aṣọ ká. Ìyá Jae-hyeok gbé awò ìwòran tí mo gbà fún wọn sókè, èmi tìkára mi ni mo nù ún títí ó fi ń dán. Ọkùnrin náà kọ orin àkọ́kọ́ láìyíjú padà.

Ohùn náà dáa. Ohun tó tiẹ̀ ba ọ̀rọ̀ jẹ́ jù nìyẹn, ó dáa gan-an, ó ń yọ̀ bí epo. Ohùn Dan-u máa ń há díẹ̀ kó tó gòkè, bíi pé ó kọ́kọ́ ń ro ó wò. Mo fẹ̀gbẹ́ ojú wo wọn. Awò náà ṣì wà lójú wọn, ṣùgbọ́n ọwọ́ wọn ti dúró. Nígbà tó yá, wọ́n rọra gbé e kalẹ̀ sórí itan, wọ́n fi ìborùn ọsàn bò ó. Wọn ò wò mí. Ká ní wọ́n gbá mi létí, ì bá sàn.

Mo fẹ́ sọ̀rọ̀ sí wọn létí. Mo kàn gbé orí sẹ́gbẹ̀ẹ́ díẹ̀, ọmọbìnrin ọwọ́ ọ̀tún fa eyín pọ̀ ṣíṣì, ẹnì kan sì fẹsẹ̀ kan àga mi láti ẹ̀yìn. Mo bá kú padà. Òógùn ń bọ́ sí mi lẹ́yìn, mi ò lè nù ún. Inú bí mi sí gbogbo wọn, sí Bok Tae-rim tí kò ṣẹ̀ mí, sí ara mi jù lọ. Mi ò lè jáde, mi ò lè sọ̀rọ̀, mi ò sì lè sunkún, torí ẹkún náà ń dún.

Ibẹ̀ ni mo ti rántí ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ dé ilé wọn ní Cheongju. A jókòó ti oúnjẹ, bàbá Jae-hyeok ní ìjókòó àgbà, Jae-hyeok lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀, ṣíbí nìkan ló ń dún. Rédíò ń kọ ní kíṣìnì. Orin Dan-u kan parí, ìyá ẹ̀ sì ké láti ìdí ààrò pé, "O ṣeun, Dan-u. Ìwọ náà, lọ jẹun." Mo rẹ́rìn-ín lọ́jọ́ náà. Mo rò pé ẹ̀fẹ̀ ni wọ́n ń ṣe. Nínú òkùnkùn yẹn ni mo wá mọ̀ pé kì í ṣe ẹ̀fẹ̀. Ohùn kan ṣoṣo tó ń bá wọn sọ̀rọ̀ nínú ilé wọn ni wọ́n torí ẹ̀ wá láti Cheongju, èmi sì ti fi àìwòye mi gbà á lọ́wọ́ wọn. Mo tún rí ara mi ní kíṣìnì kan lọ́jọ́ iwájú, èmi àti rédíò.

Nígbà tí iná tàn fún ìsinmi, gbogbo èrò dìde, wọ́n mí bí ẹni tó jáde lódò. A ò rọ́nà dé ilé ìtọ̀, ìlà ibẹ̀ ti yí ilé po. A jókòó sórí àtẹ̀gùn nítòsí ìrẹsì Dan-u.

"Màmá, ẹ forí jì mí," mo ní. "Àga ni mo wò, mi ò wo orúkọ. Mo ti rí i lára pátákó ká tó wọlé, ẹnu mi ò gbà á."

"Mo mọ̀."

"Ìgbà wo lẹ mọ̀?"

"Kó tó lanu. Ó mí kó tó kọrin. Dan-u kì í mí bẹ́ẹ̀." Wọ́n fi súìtì kan sẹ́nu. "Ọmọ yẹn náà gbìyànjú. Ó sanra díẹ̀, ṣùgbọ́n ó gbìyànjú."

Ẹ̀rín àti ẹkún jọ gbé mi. Mo bi wọ́n pé kí ló dé tí wọn ò bínú. Wọ́n ní níbo, láàrin àwọn òkú yẹn, kí èyí tó faṣọ bomú lè pa àwọn? Wọ́n ní àwọn á kàn sọ fún ẹgbẹ́ ní Cheongju pé Dan-u ṣẹ́jú sí àwọn láti orí ìtàgé, ẹni tó bá sì jiyàn, kó lọ bi Dan-u.

Mo tan fóònù mi kí n lè fojú pamọ́ síbì kan. Iṣẹ́ kan ṣoṣo ni Jae-hyeok fi sílẹ̀. Mo kà á, mo sì mọ̀ lára pé ojú mi ti yí padà, torí ìyá ẹ̀ dẹ́kun súìtì tí wọ́n ń lá.

"Kí ló wí?"

"Ó ní ó dáa."

"Ó dáa nìkan?"

"Ó dáa nìkan."

Wọ́n mi orí. Wọn ò wo ojú mi, ìrẹsì ni wọ́n ń wò. "Ó ti bẹ̀rẹ̀ nìyẹn," wọ́n ní. "Ó máa ń pẹ́ tó báwo fún ẹ?"

Mi ò mọ̀ pé wọ́n mọ̀. Mo ní èyí tó pẹ́ jù, oṣù kan ni. Wọ́n ní bàbá ẹ̀ ti lo oṣù mẹ́fà rí. Àwọn á gbé oúnjẹ síwájú ẹ̀, á jẹ ẹ́ tán. Àwọn á bi í ní ìbéèrè, á wo ògiri. Títí dòní àwọn ò mọ ohun tí àwọn ṣe. Àwọn rò pé ẹ̀jẹ̀ tàwọn tó wà lára ọmọ á borí ti bàbá ẹ̀, kò borí.

"Ọkùnrin tí mo gbà láti fẹ́, aláwàdà ni," wọ́n ní. "Ó mú mi lọ wo sinimá, ó sọ̀rọ̀ débi pé wọ́n lé wa síta. Ọjọ́ tí mo wọlé ẹ̀, ẹlòmíì ló jáde sí mi. Mo bá jókòó. Mo ní bóyá tó bá di apá kejì, ẹni tí mo wá wò á yọ." Wọ́n fọwọ́ kan irun wọn. "Wo orí mi. Wọ́n á ní kóbìnrin máa pa á mọ́ra. Àwọn àgbà kan náà ló sọ pé ẹni bá dákẹ́, tara ẹ̀ á bá a dákẹ́. Sọ ohun tó o gbé wá látàárọ̀."

Ọbẹ̀ gbígbóná ò sí níbẹ̀, inú dídùn ò sí níbẹ̀. Mo la ẹnu.

"Mi ò lè fẹ́ ẹ, Màmá."

Wọ́n dákẹ́. Ẹ̀rù bà mí, torí mo mọ irú ilé tí wọ́n ti wá. Àwọn èèyàn ń gba iwájú wa kọjá pẹ̀lú tíì wọn, ẹnì kan ń yin ohùn Bok Tae-rim. Ìyá Jae-hyeok wá na àtẹ́lẹwọ́ sí mi.

"Bọ́ ọ."

Òrùka ni wọ́n ń sọ. Kò fẹ́ bọ́. Wọ́n yọ ìpara ọwọ́ nínú báàgì, wọ́n pa á mọ́ ìka mi bí ẹni tó ń ra ọmọ lára, wọ́n sì ń yí i díẹ̀díẹ̀ títí ó fi yọ. Wọ́n dì í sínú áńkáṣífù tí súìtì wà.

"Èmi ni màá dá a padà fún un. Tó bá fẹ́ dákẹ́, kó wá bá mi dákẹ́. Èmi ti mọ̀ ọ́n gbé."

Aago lù pé kí gbogbo èèyàn wọlé fún apá kejì. Mo dìde láti bá wọn wọlé, wọ́n fọwọ́ dá mi dúró. Mo ní wọn ò lè dá jókòó síbẹ̀. Wọ́n ní ọjọ́ wo làwọn kì í dá jókòó? Pé àwọn fẹ́ mọ̀ bóyá ọkọ̀ ọkùnrin yẹn máa dé, àbúrò àwọn á sì wá mú àwọn tó bá yá. Pé kí n máa lọ sọ́dọ̀ ìyá mi nísinsìnyí, kí n sọ fún un lálẹ́ yìí kí àyà mi tó tún já.

"Màmá, kí la máa wá jẹ́ síra wa?"

Wọ́n ń tẹ́ ìborùn ọsàn sọ́rùn, ọwọ́ wọn ò dúró. "A ò ní jẹ́ nǹkan kan síra wa mọ́," wọ́n ní. "Ìyẹn ló dùn mí níbẹ̀."

Èmi náà, ìyẹn ló dùn mí. Ká sọ òótọ́, nínú ilé yẹn, àwọn gan-an ni mo fẹ́ fẹ́. Mo fẹ́ sọ ọ́, wọn ò jẹ́ kí n sọ ọ́. Wọ́n gbá mi léjìká pẹ́ẹ́, wọ́n ní nígbà míì, kí n wo orúkọ ẹni tó ń ṣeré kí n tó san owó àga. Wọ́n wọlé. Mo rí jákẹ́ẹ̀tì ọsàn náà láàrin aṣọ dúdú títí ilẹ̀kùn fi pa dé.

Mo lọ gba kóòtù mi. Ìka mi ṣì ń yọ̀ fún ìpara, tíkẹ́ẹ̀tì kóòtù bọ́ lọ́wọ́ mi nígbà tí mo fẹ́ fún ọmọbìnrin tó wà níbẹ̀. Ó bá mi ṣà á, ó sì bi mí bóyá eré ò dùn ni. Mo ní ó dùn, ẹni tí mo bá wá ṣì wà nínú tíátà. Ó ní ṣé mo mọ̀ pé ẹni tó bá jáde báyìí, wọn ò ní jẹ́ kó wọlé mọ́.

Mo ní mo mọ̀. Mo wọ kóòtù mi.